Kí ló dé tí SO2 tẹ̀ tí CO2 sì nà gbọọrọ?

Ọmọ100L: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ steric number yìí (nọ́ńbà tá a fi ń mọ bí shape molecule ṣe máa rí) ò yé mi. Ọ́síjìn méjì ló wà lára CO2, méjì náà ló wà lára SO2, mo ka double bond kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó ń fún mi ní 4 fún ọ̀kan, 5 fún ìkejì, àmọ́ ìwé ní 2 àti 3 ni. XeF4 náà ńkọ́, fluorine mẹ́rin ló yí i ká bíi ti hydrogen inú CH4, kí ló wá sọ ọ́ di square planar (igun mẹ́rin tó tẹ́ pẹrẹsẹ)? Test ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì o.

Bọ̀dá_Láàbù: Àbúrò, double bond yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Ì báà jẹ́ single, double tàbí triple, ẹ̀ẹ̀kan náà la máa ń kà á, torí ibì kan náà ni gbogbo electron inú ẹ̀ kọjú sí. Ka átọ́ọ̀mù tó so mọ́ ti àárín, fi lone pair (electron méjì tí ò so mọ́ átọ́ọ̀mù kankan) orí ti àárín kún un, ó parí, steric number nìyẹn. Ti àárín nìkan o! Lone pair orí ọ́síjìn ò kàn wá rárá. Carbon ní electron 4 níta, ó ti ná gbogbo ẹ̀ sórí ọ́síjìn méjèèjì, 2 + 0 = 2, ó nà gbọọrọ, 180°. Sulfur ní 6, ó ná 4, ó ku 2, lone pair kan nìyẹn, 2 + 1 = 3. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá jìnnà síra wọn bíi 120°, àmọ́ a kì í ka lone pair mọ́ tá a bá ń pe orúkọ shape, O-S-O tó tẹ̀ ló kù, nǹkan bíi 119°.

Tísà_Ṣadé: XeF4 rèé. Xenon ní 8, ó ná 4, lone pair méjì ló kù, 4 + 2 = 6, octahedral (mẹ́rin yípo láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀). Lone pair dà bí ẹni tó sanra nínú danfo, ó máa ń fún àwọn tó kù mọ́ra, wo CH4, NH3 àti H2O, 4 ni gbogbo wọn, síbẹ̀ 109.5° ń di 107° ó tún ń di 104.5°. Torí ẹ̀ ni lone pair méjèèjì ti XeF4 ṣe sá fúnra wọn, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, fluorine mẹ́rin wá tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín.

Kúkurú_ọ̀nà: Ẹ ń pẹ́ jù jàre. Mú electron ìta ti àárín, fi iye H tàbí halogen (bíi fluorine) kún un, yọ charge (tó bá jẹ́ negative ṣe ni kó o fi kún un), pín in sí méjì. XeF4: 12 pín sí 2, 6. NH4+: 5 + 4 − 1, 8, ó di 4. Má ka ọ́síjìn o.

Bọ̀dá_Láàbù: Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbé NO2 sí i kó o rí 2.5. Èmi ò lè ṣe é láìya Lewis structure (àwòrán tó ń fi bond àti lone pair hàn) ná.

Ọmọ100L: Áà, ẹ ṣé gan-an! Mo ti ṣe ClF3, 7 + 3, 10, ó di 5. Kí ló dé tí kì í ṣe triangle pẹrẹsẹ, tí lone pair á wà lókè àti nísàlẹ̀ bíi ti XeF4?

Tísà_Ṣadé: Torí pé nínú 5, àyè ò dọ́gba: mẹ́ta yípo níbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ní aládùúgbò mẹ́ta ní 90°, ẹni tó bá wà níbàdí ní méjì péré, àwọn tó kù jìnnà sí i ní 120°. Ìbàdí ni lone pair méjèèjì máa gbà, fluorine kan á wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀, méjì tó kù á lọ sókè àti sísàlẹ̀. T-shape nìyẹn, lone pair tún tì wọ́n wọlé díẹ̀, 87.5° dípò 90°. Lọ ṣe SF4 báyìí kó o fi èsì ránṣẹ́.