Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbó: Ká Tún Un Ṣe ni, àbí Ká Fi Tòkunbọ̀ Rọ́pò Rẹ̀?

Tíṣà Adó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Camry mi, ti ọdún 1999, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Pencil, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Adó ni mo ń gbé, Ìkọ̀lé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí ọkọ̀ yìí ń sinmi. Tí mo bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, èéfín búlúù á rú lẹ́yìn. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, agbára rẹ̀ á wálẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ká tú u, ká pààrọ̀ ríìngì, ìyẹn àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní kí n má fowó ṣòfò, òun á bá mi wá tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Iye tí wọ́n dá lé ẹ́ńjìnnì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo lè ta odindi ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe?

Ìyá Oníṣu, Ìfàkì

Tòkunbọ̀ ni mo fi sínú bọ́ọ̀sì tí mo fi ń kó iṣu lọ sí Adó, n kò sì kábàámọ̀. Ẹni tó ń ta ọjà tó lè bàjẹ́ kò ráyè kí ọkọ̀ máa sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni ti nọ́ńbà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló wà nínú ìwé ọkọ̀. Ọlọ́pàá dá wa dúró lọ́nà, wọ́n ní ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, nọ́ńbà inú ìwé ọ̀tọ̀, ti ara ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ rìsíìtì tí mo gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi. Ìgbà tí mo dé ni mo tó lọ tún ìwé náà ṣe.

Awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n

Tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Adó sí Ẹ̀fọ̀n ni mò ń ná. Ẹni tó bá mọ òkè tó wà láàárín Ìtawùrè àti Ẹ̀fọ̀n á mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń jẹ́wọ́. Tèmi náà ń mu ọ́ìlì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ tí kò ní ríìngì ni. Àwọn kan kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní Ìyìn, àgbàlagbà ni. Ó ní òun kò ní tú ẹ́ńjìnnì tí òun kò tíì wọ̀n. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó de géèjì mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ pátápátá kí n sì máa yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ló ń wọ̀n yẹn, ìyẹn bí sílíńdà, ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ihò mẹ́ta gbé e dé 160 PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí tó kù, ihò kẹta, kò ju 95 lọ. Ó wá kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìkẹta yẹn, ó tún un wọ̀n. Ó ṣàlàyé fún mi pé bó bá jẹ́ ríìngì ló gbó, ọ́ìlì yẹn á bá a dí àlàfo rẹ̀ fúngbà díẹ̀, géèjì á sì gòkè. Géèjì kò mira. Ó ní a jẹ́ pé ohun tó ń ṣe é wà lókè, bóyá fáàfù tó ń ṣí tó ń pa fún afẹ́fẹ́ àti èéfín, bóyá gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí àlàfo abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, fáàfù kan ti jó létí. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó máa ń dá ọ́ìlì dúró lọ́rùn fáàfù ti gan, ọ̀pọ̀ ti là. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà kán sínú sílíńdà lóru, òun náà ló ń di èéfín búlúù láàárọ̀. Ẹ wo bí wọn ì bá ṣe tú gbogbo ìdí ẹ́ńjìnnì torí ríìngì tí kò ṣẹ̀!

Bàbá náà tún gbé irin gbọọrọ kan lé ojú tọ́ọ̀pù, ó ní kí n wo ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Tọ́ọ̀pù náà ti wọ́. Bọ́lọ́ọ̀kù tèmi, ìyẹn ìdí ẹ́ńjìnnì, irin ni, àlùmíníọ̀mù sì ni tọ́ọ̀pù. Tí ooru bá pọ̀, àlùmíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀tì ti dè é mọ́lẹ̀, kò síbi tó máa lọ, ló bá wọ́. A gbé e lọ sí Adó, wọ́n fi ẹ̀rọ bó ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. Fáàfù, rọ́bà, gáskẹ́ẹ̀tì, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta iye tí wọ́n dá lé tòkunbọ̀ fún mi. Ọkọ̀ náà ṣì ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Èmi ta tèmi ni o. Ẹni tó rà á tún un ṣe, ó ń fi í gbé èrò, ó sì máa ń fi fèrè kí mi tó bá rí mi lọ́nà. Kò dùn mí. Abẹ́ ọkọ̀ yẹn ti dípẹtà, gíà ń fà, ẹsẹ̀ iwájú ń ké. Ẹ́ńjìnnì wo ni mo fẹ́ fi sórí ìyẹn? Kí ẹnikẹ́ni tó na kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Tíṣà Adó

Abẹ́ tèmi dára, gíà náà ń wọlé wẹ́rẹ́. Mo ti gbé e lọ wọ̀n. Ihò kejì ló burú jù, 100 PSI. Wọ́n kán ọ́ìlì sí i, ó gòkè dé 150. Àwọn yòókù wà láàárín 120 sí 130, àwọn náà sì gòkè nígbà tí ọ́ìlì kàn wọ́n. Ó dà bíi pé tèmi yàtọ̀ sí ti awakọ̀ wa.

Mẹkáníìkì, Adó

Ó yàtọ̀ gan-an, sà. Ríìngì ni tiyín. Ẹ́ńjìnnì 2.2 tó wà nínú Camry yín yẹn, tó bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí 140 lọ, ó ti gbó nìyẹn, tiyín sì ti wálẹ̀ ní gbogbo ihò.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn ra ríìngì kí ó sì tì í wọlé. Ojú sílíńdà náà máa ń jẹ, kì í sì í jẹ lọ́gbọọgba. Ríìngì tuntun nínú sílíńdà tó ti jẹ kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi tún máa rí èéfín. Kí n má parọ́, irú iṣẹ́ yẹn ló ń sọ àwa àti oníbàárà dọ̀tá. Tí wọ́n bá ti ṣí i, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n sílíńdà lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Tó bá ṣì wà níwọ̀n, ríìngì àti béárìn tó. Tí kò bá sí níwọ̀n, á di pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí ó fẹ̀ sí i, kí ẹ sì ra písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀, èmi á ní kí ẹ lọ ra tòkunbọ̀.

Ẹ má sì rà á ní ojú lásán. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí: tí ẹ bá rí ìdọ̀tí dúdú tó dì, tàbí ọ́ìlì tó rí bíi tíì onímílíìkì, ẹ fi sílẹ̀. Omi ti bá ọ́ìlì pò nínú èyí tó rí bíi tíì yẹn. Ẹ wo ihò omi bóyá ó ti dípẹtà. Tí wọ́n bá lè fi bátìrì yí i nílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Kí ó tó wọlé, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú fáàfù àti písítìn bá ara wọn rìn, àti pọ́ọ̀ǹpù omi, torí bẹ́líìtì yẹn ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù náà, ẹ sì pààrọ̀ sìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà níta.

Ẹ wo rédíétọ̀ náà. Tí wọ́n bá ti yọ tàmósítáàtì, èyí tó ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì, dànù, ẹ dá a padà. Tòkunbọ̀ tí mo ti rí tó kú lọ́wọ́ àwọn èèyàn, rédíétọ̀ àtijọ́ tó ti dí ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Tíṣà Adó

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ṣí i. Tí sílíńdà bá ti jẹ, mo máa pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá Oníṣu, Ìfàkì

Tíṣà, tó bá kan ti Ládípọ̀, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì gan-an sínú rìsíìtì. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, "ẹ́ńjìnnì 1" ni wọ́n kọ sí i. Mo ní kí wọ́n tún un kọ.