Mo fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù gáráàjì fúnra mi: pákó wo ni kí n lò?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rà sínú gáráàjì ti wú bí ẹsẹ̀ tí agbọ́n ta. Bí a bá ti fọ ọkọ̀, omi á ṣàn dé ìdí rẹ̀, ó wá ń jábọ́ wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ kan tèmi. Ògiri náà gùn ní mítà 3.5. Garawa ọ̀dà, irinṣẹ́ àti táyà méjì ni mo fẹ́ kó sí i. Mo ní ayùn àti dírílì, ṣùgbọ́n n kò ṣe káfíńtà rí. Ṣé MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) ni kí n rà àbí pláíwúùdù?

Bàbá Káfíńtà: Ọmọ mi, má gbé MDF sún mọ́ omi. Tó bá ti mu ún, kì í padà sípò mọ́. Pláíwúùdù mìlímítà 18 ni kí o fi ṣe àpótí àti pẹpẹ. Mìlímítà 6 tó fún ẹ̀yìn. Pláíwúùdù náà máa ń mu omi láti etí tí ayùn gé, torí náà kun etí wọ̀nyẹn ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Kó má fìdí kan ilẹ̀ rárá: gbé e lé ẹsẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ gbé ọkọ̀ wọlé, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ fi ẹfun fàlà sílẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 60 ni mo jẹ́ kí tèmi yọ síwájú. Ó rẹwà o! Àmọ́ títí dòní, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mò ń gbà bọ́ sílẹ̀ tòun ti báàgì, ọkọ mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. 40 ti tó fún garawa ọ̀dà. Táyà ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo wọ̀n ọ́n, 45 péré ló ṣẹ́kù! Bàbá, ṣé pẹpẹ kan lè gùn láti igun ògiri dé èkejì?

Bàbá Káfíńtà: Rárá o. Pákó odindi gan-an ò ju mítà 2.44 lọ, garawa ọ̀dà á sì tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Má jẹ́ kí pẹpẹ kọjá sẹ̀ǹtímítà 80 láìsí ohun tó gbé e ró. Àpótí mẹ́rin ni kí o kàn, kí o tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyẹn ni ìwọ nìkan lè gbé. Kí o tó kan ẹ̀yìn mọ́ ọn, fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun òkè ọ̀tún dé ìsàlẹ̀ òsì, kí o tún wọn òdìkejì. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ó ti wọ́ nìyẹn. Ti igun méjì tó jìnnà síra jù súnmọ́ra. Ọ̀pọ̀ ló ń bú híńjì pé ilẹ̀kùn ò pa dé, híńjì kọ́ ló ṣẹ̀ wọ́n.

Akọ́ṣẹ́: Ẹ rántí pé ilẹ̀ gáráàjì sábà máa ń rọra dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí omi lè jáde. Ibi tó ga jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ ki ìdí àwọn tó kù títí lẹ́fẹ̀lì (irinṣẹ́ tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú) á fi fi hàn pé gbogbo wọn tẹ́jú. Ẹ dè wọ́n mọ́ ògiri o, ọmọdé lè fi pẹpẹ ṣe àkàbà.

Olùbéèrè: Mo ti to àkọ́kọ́. Ó fi mìlímítà 7 wọ́.

Bàbá Káfíńtà: Tètè tì í kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ!