Àbájáde ọ̀rọ̀ ímeèlì ẹgbẹ́ tí kì í dé: a ti rí okùnfà rẹ̀
Mo padà wá láti parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀, pé ímeèlì tí àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wa ń pín fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn kan rárá. Ìbuwọ́lù DKIM, ìyẹn àmì tí a ń fi sára ímeèlì láti fi hàn pé kò sí ẹni tí ó yí i padà lọ́nà, ni ó ń bàjẹ́. Sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń pín lẹ́tà ẹgbẹ́, máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣáájú àkọlé, ó sì máa ń lẹ ìlà mẹ́ta mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá yí padà nínú ohun tí a ti buwọ́ lù ti tó láti sọ ìbuwọ́lù náà di asán. SPF, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá sáfà tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, kò lè gbà wá, nítorí pé orúkọ tiwa ni ó ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ lẹ́tà; bí ìlànà DMARC ti òǹkọ̀wé náà, èyí tí ó ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege àwọn àyẹ̀wò yìí, bá wá jẹ́ p=reject (ẹ kọ̀ ọ́), wọ́n á dá lẹ́tà náà padà.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ rọ́pò ti òǹkọ̀wé. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a máa ka lẹ́tà láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́. A yọ àfikún méjèèjì kúrò. Lánàá, mo ṣí orí lẹ́tà kan wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ tí a kì í sábà rí, mo sì rí dkim=pass (ó yege) níbi tí fail (ó kùnà) ti máa ń wà. Ẹ ṣeun gan-an.