Ẹ̀gbọ́n tó ń gba ohùn sílẹ̀ ń pẹ́ dé: báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbákejì olùdarí ni mí lórí fíìmù kékeré kan tí à ń yà lọ́wọ́. Aago 6 àárọ̀ la fi àdéhùn sí, torí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ la fẹ́ lò. Ẹ̀gbọ́n tó ń gba ohùn sílẹ̀ kì í dé kí aago 7 tó lù. Lánàá, fóònù wọn dún níbi tí òṣèré ti ń sunkún níwájú kámẹ́rà. Wọ́n sì gbé e! Ká tó tún un yà, omijé ti gbẹ. Wọ́n mọṣẹ́ o, n kò lè purọ́. Ọjọ́ 4 ló kù. Ṣé kí n pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, àbí kí n fẹjọ́ sun olùdarí?