Ìmọ̀ràn lórí ìjókòó awakọ̀ gíga àti awakọ̀ kúkúrú nínú bàálù àdáṣe

Ará Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. RV-7 ti Van's Aircraft, bàálù tí ènìyàn méjì ń jókòó sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni mò ń tò fúnra mi nínú gáréèjì mi, mo sì ti dé ibi tí mo fẹ́ de pẹ́dàlì (èyí tí a fi ẹsẹ̀ darí ìrù ọkọ̀, tí bíréèkì sì wà lókè rẹ̀) àti ẹ̀yìn ìjókòó mọ́lẹ̀. Gíga mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4; ìyàwó mi, tí òun náà gba ìwé àṣẹ awakọ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 1 lọ. Àwa méjèèjì ni a ó máa wà á, nígbà mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe lè ṣètò rẹ̀ tí orí mi kò fi ní máa kan gíláàsì òkè, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ yóò sì tó bíréèkì? Ẹnìkan ní kí n ra tìmùtìmù tó nípọn fún un, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹnjiníà Ìyẹ́:
Ẹ kú làálàá, arákùnrin wa. Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ mọ̀ pé gíga orí ìdúró kò sọ ohun púpọ̀ fún wa, nítorí ẹni méjì lè ga bákan náà kí ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, kí èkejì sì ga láti ìbàdí dé orí. Ẹ jókòó sórí àga líle, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ dé agbọ́rọ̀sọ etí tí ẹ ó máa lò, kí ẹ wá wọn ara yín láti ìdí dé orí, láti ẹ̀yìn dé eékún, àti láti ìdí dé èjìká. Ẹ wọn ìyàwó yín bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá RV-7 tó ti parí, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ̀ka EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to bàálù fúnra wọn, wà káàkiri Amẹ́ríkà, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹ̀ka kan má ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ní RV. Bí ẹ bá lè dé àpéjọ bàálù tí EAA máa ń ṣe ní Oshkosh ní Wisconsin nínú oṣù Keje, ẹ ó rí wọn lọ bẹẹrẹ. Ẹ di bẹ́líìtì le, kí ẹ fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì gbé e sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin. Itan ẹni gíga tí eékún rẹ̀ ká sókè ni ọ̀pá náà sábà máa ń gbá, àwọn tó ń to bàálù kì í sì í rántí èyí títí wọn yóò fi kan gbogbo nǹkan pa.

Ní ti orí yín, ẹ má ṣe gé ilẹ̀ ìjókòó láti fi wá àyè. Irin tí ó gbé e dúró àti ọ̀pá tí ó so ìdarí mọ́ ìyẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Fóòmù ni kí ẹ dín kù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn ìjókòó rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Fóòmù rírọ̀ tó nípọn léwu, nítorí bí ọkọ̀ bá já lulẹ̀ lójijì, ara yóò kọ́kọ́ rì wọ inú fóòmù náà kó tó kan ilẹ̀ líle, agbára tí ó sì máa dé ọ̀pá ẹ̀yìn á pọ̀ ju bí ẹ bá jókòó lórí ohun tó le lọ. Fóòmù tí kì í tètè padà sípò, irú Confor, ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń le nínú òtútù.

Ìyá Awakọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà kúrú, nítorí náà ọ̀rọ̀ tìmùtìmù yìí kàn mí gan-an. Èyí tí a fi sábẹ́ ìdí ń gbé ojú sókè kí a lè rí ilẹ̀ lókè imú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń balẹ̀, ó sì dára bí a bá so ó mọ́ ìjókòó kí ó má yọ̀. Èyí tí a fi sẹ́yìn ni mò ń bẹ̀rù, nítorí pé ó ń ti gbogbo ara síwájú: ọ̀pá ìdarí yóò kan ikùn kó tó dé òpin rẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn yóò sì jìnnà sí ọwọ́.

Ẹ rántí John Denver, olórin Amẹ́ríkà nì, tí bàálù àdáṣe rẹ̀, Long-EZ, já sínú omi ní Monterey Bay ní California ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1997. Ẹni tó to ọkọ̀ náà kò gbé ọwọ́ ìyí epo, èyí tí a fi ń yan táǹkì tí ẹ́ńjìnnì yóò ti máa fa epo, sí ibi tí àwòrán Burt Rutan, ẹni tó ṣàgbékalẹ̀ Long-EZ, fi í sí. Ẹ̀yìn èjìká òsì awakọ̀ ló gbé e lọ. Denver nílò tìmùtìmù lẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè tó pẹ́dàlì, èyí sì tún mú kí ọwọ́ ìyí epo nira fún un láti dé. Àjọ NTSB ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ṣèwádìí ìjàǹbá náà, gbà pé bó ṣe ń gbìyànjú láti yí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pẹ́dàlì ọ̀tún láìmọ̀, tí ọkọ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú pẹ́dàlì wá bá ìyàwó yín. Nínú RV-7, páìpù kan náà ló gbé pẹ́dàlì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ẹ bá fà á súnmọ́ ọn, yóò súnmọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ dè é síbi tó bá ẹsẹ̀ yín mu, kí ẹ wá fi bóòtù de àfikún alumíníọ̀mù mọ́ ojú pẹ́dàlì ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan. Kí àfikún náà dé òkè, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì, kí ó sì lè tẹ bíréèkì náà nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá ti na pẹ́dàlì dé òpin.

Ará Kent:
Fún àwa tí a wà ní Ìlú Ọba, ẹ kọ̀wé sí LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó bàálù àdáṣe níbí, kí ẹ tó yí irú nǹkan báyìí padà, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ará Houston:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà, ẹ ṣeun, ẹnjiníà. Ó kù ohun kan: bí mo bá so ẹ̀yìn ìjókòó tèmi mọ́ ibi tó sẹ́yìn jù lọ, ṣé kò ní ba ìdọ́gba ọkọ̀ jẹ́?

Ẹnjiníà Ìyẹ́:
Yóò mú ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ti dọ́gba lọ sẹ́yìn, pàápàá bí ẹrù bá wà lẹ́yìn yín. Ẹ ṣe ìṣirò fún ẹ̀yin nìkan, fún ìyàwó yín nìkan, àti fún ẹ̀yin méjèèjì pẹ̀lú ẹrù. Kí ẹ ṣe é pẹ̀lú epo kíkún àti pẹ̀lú epo tó ti fẹ́ tán. Bí èyíkéyìí bá kọjá ààlà tí Van's là sílẹ̀, ẹrù ni kí ẹ dín kù. Ẹ tún wo bẹ́líìtì èjìká: láti èjìká yín, ó yẹ kó lọ sẹ́yìn gbọọrọ tàbí kó gòkè díẹ̀. Bí ibi tí ẹ so ó mọ́ bá rẹlẹ̀ gan-an ju èjìká yín lọ, ọ̀pá ẹ̀yìn yín ni yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà ìjàǹbá.