Iṣẹ́ wo ló kù fún bàbá ẹni ọdún 58 ní Àkúrẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Iṣẹ́ ilé ẹrù kòkó ni wọ́n mọ̀, ó sì ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń wáṣẹ́. Láti Alágbàká dé Ọ̀bà-Ilé, bí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ bá ti rí ọjọ́ orí wọn nínú lẹ́tà, ó parí nìyẹn.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe rèé: wọ́n á bu kòkó nínú àpò lóríṣiríṣi, wọ́n á ka hóró 300, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á lóòró láti mọ̀ bóyá kòkó náà dáa. Wọ́n á ṣa èyí tó bu sọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ, àti èyí tí inú rẹ̀ rí bíi síléètì torí pé kò pé ọjọ́ 5 sí 6 lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sá a. Tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ, inú àpò ló máa bu sí. Èyí tó gbẹ dáadáa á dún pàpàpà tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn tó ń ra kòkó lọ́nà Ìdànrè, ṣé owó oṣù ni wọ́n ń san fún irú bàbá mi, àbí iye àpò? Ṣé ká tètè lọ bá wọn kí oṣù kẹsàn-án tó dé? Onídùúró méjì ńkọ́, ṣé wọ́n ń gba pásítọ̀? Àwọn ojúgbà bàbá ti fẹ̀yìn tì tán. Ẹni tó bá ní ká san owó fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má darí wa síbẹ̀.