Blunder inú chess: ẹ jẹ́ ká pè é ní àṣìta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ká máa pe blunder inú chess, ìyẹn kéèyàn ta ayò kan tó máa ba géèmù ẹ̀ jẹ́, ní "ayò òpè", àbúrò kan sì ní "àṣìṣe ńlá" ló dáa jù. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ti "ayò òpè" yẹn ló ká mi lára jù. Lóòótọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á máa gbé kuíìnì, ọmọ ayò tó lágbára jù, síbi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú géèmù kan ṣoṣo, ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, sì lè ta géèmù rẹpẹtẹ kírú ẹ̀ tó ṣe é, àmọ́ ó ń ṣe é! Ní Bonn lọ́dún 2006, Kramnik tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ayé nígbà yẹn ń bá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Deep Fritz ta, ó gbé kuíìnì ẹ̀ sí ojú ilé e3 lórí pátákó, kọ̀ǹpútà gbé tiẹ̀ sí h7, ọba ò ríbi sá sí mọ́, ó parí. Ding Liren tó gba adé àgbáyé lẹ́yìn náà ńkọ́? Géèmù 14, Singapore, December 12, 2024, ọ̀mì ló ń lọ kó tó gbé rook (ọmọ ayò tó dà bí ilé ìṣọ́) sí f2, Gukesh tó ń bá a ta bá a pààrọ̀ rook, ó tún fipá pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, adé àgbáyé bọ́ lórí Ding. Ṣé òpè la fẹ́ pe àwọn yẹn?

"Àṣìṣe ńlá" ní tiẹ̀, títóbi nìkan ló ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ èsì tó yí padà ló ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Anderson, Kleinberg àti Mullainathan, yẹ àìmọye géèmù wò, ibi tí ọmọ ayò tó kù lórí pátákó ò ti ju mẹ́fà lọ, torí kọ̀ǹpútà ti mọ òpin irú ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ohun tí wọ́n kà sí blunder ni èyí tó yí èsì padà: o ti fẹ́ borí, ó di ọ̀mì, àbí ọ̀mì ni, ó wá di pé wọ́n nà ẹ́. Wọ́n rí i pé bí ojú ayò, ìyẹn bí àwọn ọmọ ayò ṣe wà lórí pátákó, ṣe le tó ló ń fa àṣìṣe jù, ó ju ìmọ̀ ẹni tó ń ta lọ, ó ju àkókò tó kù fún un lọ. Kódà àwọn ojú ayò kan wà tí ọ̀ta ń ṣì ju òpè lọ!

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká pè é ní àṣìta. Ayò là ń ta, ẹni tó bá ṣì í ta, àṣìta ló ṣe, ì báà jẹ́ ọ̀ta ì báà jẹ́ òpè. Ẹni tó ní ó jọ ti ọfà, kò burú, ta ayò, ta ọfà, ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì wọ́n gbọ́. Lórí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess, àmì ìbéèrè méjì tí wọ́n ń fi sí blunder á jẹ́ àṣìta, ẹyọ kan á jẹ́ àṣìṣe lásán. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń fi ?! sí, kùdìẹ̀-kudiẹ ni mo fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó mú un wá.